Bí Fìlà Ìka Yèyé Ṣe Dúró Lórí Ìka Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, kò sí ohun èlò kan nínú ilé wa tí ó bá ọwọ́ mi mu. Ọmọ odó ga jù mí lọ. Okùn tí a fi ń fa omi nínú kànga máa ń bó àtẹ́lẹwọ́ mi. Àdá bàbá mi, bí mo bá gbé e, òun ni yóò máa tọ́ mi kiri. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù fún mi jù lọ, tí ó sì kó mi láyà sókè ju gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ, kò ju ẹyọ ẹ̀pà kan nínú èèpo rẹ̀ lọ. Fìlà ìka Yèyé ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò ti mọ ohun tí mo ń wí. Idẹ kékeré ni, ó rí bí ife tí a ṣe fún ọmọlangidi, ojú wẹ́wẹ́ sì kún orí rẹ̀ bí ara asẹ́. Orí ìka àárín ni aránṣọ máa ń fi bọ̀, kí ìdí abẹ́rẹ́ má baà gún un nígbà tí ó bá ń tì í wọ inú aṣọ líle. Bàbá bàbá mi ni ó rà á fún Yèyé ní Akúrẹ́ ní ọdún kan tí kòkó so dáadáa, kí wọ́n tó bí bàbá mi pàápàá.

Yèyé ni ìyá bàbá mi. Kíjìpá ni ó ń hun. Òfì rẹ̀ dúró gbọn-in lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga bí ilẹ̀kùn, bí ó bá sì ń fi ọ̀pá gbá òwú mọ́lẹ̀, ìró rẹ̀ ni ó máa ń jí wa láàárọ̀, kí òórùn ẹ̀kọ gbígbóná tó dé. Tí ó bá hun aṣọ tán, òun náà ni yóò fi ọwọ́ so apá kan mọ́ apá kejì. Láti ìgbà tí ó bá ti fi fìlà ìka bọ ọwọ́ láàárọ̀, kì í bọ́ ọ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Mo ti rí i tí ó fi í ran òwú, tí ó fi í bu iyọ̀, tí ó fi í juwọ́ sí àwọn tí ń lọ sọ́jà. Ó sì ń fi í kó wa lórí. Ọmọ tí ó bá jẹ ẹran inú ọbẹ̀ kí àgbà tó jẹun, "kó!" ni yóò gbọ́ lágbárí, yóò sì máa gbọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Síbẹ̀, mi ò rí i rí kí ó bọ́ lórí ìka rẹ̀. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n kàn máa wò ó. Lójú mi, kì í ṣe pé ó wọ̀ ọ́. Ó dàbí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti hù jáde, bí èékánná.

N óò sọ ohun kan báyìí tí kò rọrùn fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, ìyókù kò ní yé yín. Ìyá mi bí ọmọ méjì lẹ́yìn mi, àwọn méjèèjì kò dúró. Mi ò rántí ojú wọn. Ohun tí mo rántí ni aṣọ ìpọnmọ wọn, tí Yèyé ti rán sílẹ̀ kí a tó bí wọn, tí wọ́n wá ká sórí àjà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbójú sókè wò. Èmi náà kì í wò ó. Bí mo bá fẹ́ mú igbá lórí àjà yẹn, ojú dídì ni mo fi ń mú un.

Nítorí náà, nígbà tí oyún kẹta dé, Yèyé kò fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ kankan. Ó hun apá kíjìpá méjì, funfun pẹ̀lú ìlà búlúù, ó ká wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹjọ mi ni mo wà nígbà tí ìyá mi bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà kéré, ẹkún rẹ̀ sì dàbí ti ọmọ ológbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé gbé apẹ̀rẹ̀ náà ka iwájú mi.

"Àwọn méjì ìṣáájú, èmi ni mo rán aṣọ wọn, mo sì rán an kí wọ́n tó dé," ó wí. "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó dúró ni yóò rán ti ẹni tí a fẹ́ kó dúró. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, kí o ti so méjèèjì pọ̀. Aṣọ yẹn ni ìyá rẹ yóò fi pọ̀n ọ́n jáde."

Antí Rẹ̀mí, àbúrò bàbá mi, wà níbẹ̀. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ní máṣíìnì, kò sì sí ohun tí a lè dá sílẹ̀ kí ó má dá sí i.

"Háà, Yèyé! Ọmọ tí kò tíì lè fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ tó jẹ ẹ̀kọ tán, máṣíìnì ọ̀gá mi ti parí ẹ̀."

Yèyé kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ṣé máṣíìnì ọ̀gá rẹ ni ọmọ náà yóò máa pè ní ẹ̀gbọ́n?"

Bàbá mi, tí kì í pa ìsìn jẹ, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú yàrá. Ó ní Ọlọ́run ni ó ń dá ọmọ sí, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí n má rán an. Nígbà tó ń lọ sí oko, ó dúró díẹ̀ lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀ náà, ó fọwọ́ kan aṣọ, ó sì lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ìyà. Ẹ̀rù pé wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e fún mi ni. Mo gbà pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé bí mo bá rán aṣọ náà dáadáa, yóò dúró. Bí mi ò bá sì rán an dáadáa, wọn yóò ká a sórí àjà mọ́ ti àwọn yòókù.

Kíjìpá kì í ṣe aṣọ tí abẹ́rẹ́ ń fò kọjá nínú rẹ̀. Ó le, ó nípọn, o ní láti ti abẹ́rẹ́ gan-an. Ní ìgbà kẹta tí mo tì í, ìdí abẹ́rẹ́ wọ orí ìka mi, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Yèyé já aṣọ náà gbà kí ẹ̀jẹ̀ náà tó kán.

"Ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kan aṣọ tí a ó fi pọn ìkókó," ó wí. Ó bọ́ fìlà ìka rẹ̀, ó fi í bọ ìka mi. Ó ṣì gbóná láti ara rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ sókè láti wò ó. Kà! Ó ti wà nílẹ̀.

Mo mú un, mo tún fi bọ̀ ọ́. Kà! Ó yí lọ sábẹ́ òfì. Mo rá lọ mú un. Bí mo ṣe ń gbé e bọ ọwọ́ ni ó ń bọ́, tí ó bá sì bọ́, ọkàn mi á já wá sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí mo ti ń rò ó nínú ara mi pé bí kò ṣe fẹ́ dúró lórí ìka mi yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ yẹn kò ṣe fẹ́ dúró. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Mo wé àkísà mọ́ ìka mi kí ó lè tóbi. Fìlà náà dúró, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí ìka mi wà mọ́. Àfi bí ẹni tí ó ń fi ìgúnpá ránṣọ. Mo bu ewé há inú rẹ̀, ewé náà fọ́, ó ń yọ̀. Mo di ìka náà mọ́ èkejì rẹ̀, ìyẹn jọ Antí Rẹ̀mí lójú débi pé ó pe àwọn ọmọ ilé kejì kí wọ́n wá wò ó.

"Ẹ wá wo télọ̀ wa o! Ọjọ́ tí ó bá rán bùbá fún mi, ọwọ́ kan ni bùbá náà máa ní!"

Títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ohun tí mo ti rán kò gùn tó ìbú ọwọ́ kan. Ọ̀sán yẹn náà ni ọgbọ́n dé. A jẹ iyán tán, mo ń họ ìsàlẹ̀ odó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, nítorí àwa ọmọdé ni a ni ìdí odó. Bí iyán ṣe lẹ̀ mọ́ ìka mi, ni mo bá rò ó pé kí ni ó tún kù tí mo ń wá? Mo rọ díẹ̀ sínú fìlà, mo ki ìka bọ inú rẹ̀, ó sì dì mí mú ṣinṣin. Ọmọ Èkìtì ni mí. Ta ni yóò sọ fún mi pé iṣẹ́ kan wà tí iyán kò lè ṣe?

Mo rán aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn bí ẹni tí a lé. Ojú abẹ́rẹ́ mi wọ́, ó gùn síhìn-ín, ó kúrú sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n mo ń lọ. Inú mi dùn débi pé mo lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, mo wo ọmọ náà, mo sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé àwa méjèèjì ti jọ ní àṣírí kan. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fa ìka mi yọ, mo gbé fìlà náà ka etí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú iyán inú rẹ̀, kí n lè máa bá a lọ láàárọ̀.

Àwọn tí wọ́n sin adìyẹ yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òpìpì kan wà nílé wa, adìyẹ aláìníyẹ̀ẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára oúnjẹ rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo jáde síta, mo rí i lórí pẹpẹ, ó ki ẹnu bọ inú fìlà ìka Yèyé, ó ń ṣa iyán. Mo ké. Ẹ̀rù bà á, ó gbé orí sókè, fìlà náà sì há sí i lẹ́nu. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré, ó ń gbọn orí, idẹ ń kọ mànà lẹ́nu rẹ̀. Mo ń sáré tẹ̀lé e. Antí Rẹ̀mí yọ jáde láti ilé ìdáná, ó di arúgbó tí kò lè nàró nítorí ẹ̀rín.

"Ẹ bá mi mú un! Adìyẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ! Ọ̀gá mi kò ní gbà á o, kò mú ọtí wá!"

Adìyẹ náà gba orí ẹní kòkó kọjá. Ẹní mẹ́rin ni bàbá mi sá kòkó sí ní àgbàlá ní ọjọ́ yẹn, òórùn kíkan rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Òpìpì sáré la àárín wọn já, ó gbọn orí lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí ó sì fi máa dé òdìkejì, ẹnu rẹ̀ ti ṣófo.

Antí Rẹ̀mí dákẹ́ ẹ̀rín. Bí ó ṣe dákẹ́ yẹn ni ó bà mí lẹ́rù jù.

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní àkọ́kọ́. Hóró kòkó àti idẹ tí ó ti gbó, àwọ̀ wọn jọra. Mo ń ṣa á lọ́wọ́ọwọ́, mo ń yí i padà, omi kòkó ń rin mí lápá, oòrùn ń pa mí lẹ́yìn. Láti inú ilé, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà, ẹkún ọmọ ológbò yẹn. Bí ó bá sì dákẹ́, n óò dúró, n kò ní lè mí títí yóò fi tún ké. Mo ṣa ẹní àkọ́kọ́ tán. Mo ṣa èkejì. Antí Rẹ̀mí wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀kẹta. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀kẹrin títí dé ọrùn ọwọ́, mo ń rọ́ wọn lọ síwájú, ni ohun tútù kan bá gba ìka àárín mi wọlé. Èmi kọ́ ni mo mú un. Òun ni ó wọ̀ mí. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ sókè, ó wà lórí ìka mi níbẹ̀, ó dúró. N kò lè sọ fún yín bí ó ti rí lára mi. Mo kàn ń wo ìka náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Yèyé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà pípẹ́. Ó na ọwọ́, mo fi fìlà náà lé e lọ́wọ́. Ó wo inú rẹ̀, ó rí iyán gbígbẹ.

"Ṣé uyán ni a fi ń ránṣọ n'úlé yìí ni?"

"Rárá, Yèyé."

"Kó!" Mo gbọ́ ọ lágbárí. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri, mo nawọ́ sókè, nígbà tí ó ń fi igi ìgbálẹ̀ họ inú fìlà náà, tí ó fi eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti sọ ọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Yèyé, bí fìlà yìí kò bá dúró, ṣé ọmọ náà kò ní dúró ni?"

Ó fi etí ìró nu eérú kúrò lára fìlà náà. "Sọ ọwọ́ kalẹ̀," ó wí. "Wá jókòó."

Ó gbé fìlà náà sún mọ́ ẹnu, ó mí sínú rẹ̀, hàà, bí ẹni tí ó fẹ́ mú ọwọ́ ọmọ gbóná lásìkò ọyẹ́. Ó ní kí n fi ahọ́n kan orí ìka mi, kí ó má ṣe rin, kí ó kàn tutù. Ó fi fìlà náà bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí ó rọra fa fìlà náà, ìka mi tẹ̀lé e. Mo lanu sílẹ̀. Mo rò pé ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi sínú rẹ̀.

"Èyí kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀," ó wí. "Bí ó bá gbẹ, yóò tún fẹ́ bọ́. Ta ni ó sọ fún ọ pé ìka ni ó ń di fìlà mú? Iṣẹ́ ni. Tẹ ìka rẹ báyìí, fi ti abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà yóò ti fìlà padà mọ́ ọ. Ọwọ́ tí ó bá nà gbọọrọ láti wòran ni ó ń bọ́ lórí rẹ̀. O ti ń wo fìlà láti ọjọ́ yìí. Wo aṣọ."

Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí n kò ní gbàgbé láéláé. Ó fi fìlà náà bọ ìka ara rẹ̀, ìka tí mo rò pé ó ti hù láti ara rẹ̀ yẹn, ó na ọwọ́, ó dorí ìka náà kodò.

Kà! Ó já bọ́ sílẹ̀.

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ àgbà kò wọn ìka mi kí ó tó lọ sí Akúrẹ́. Ó fi ojú díwọ̀n. Láti ọjọ́ tí ó ti rà á ni ó ti tóbi jù fún mi."

Mo wo ìka rẹ̀, mo wo fìlà nílẹ̀. Gbogbo aṣọ tí ó ti rán yẹn! Gbogbo orí tí ó ti kó! Ohun tí kò bá a mu ni ó ti ń fi ṣe é láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, a kò sì mọ̀. Ó mú mi lọ́kàn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù. Mo ń mí sínú fìlà, mo ń tẹ ìka, mo ń wo aṣọ. Nígbà tí ó bá bọ́, n óò mú un, kò tún jẹ́ àmì ohunkóhun mọ́ ju pé mo ti dáwọ́ dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, mo ta kókó ìparí, Yèyé sì fi eyín já òwú náà.

Láàárọ̀ ìkómọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà tí wọ́n sì ti sọ ọmọ lórúkọ, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Antí Rẹ̀mí gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ náà bò ó, wọ́n so ó. Ojú ìrán náà gba àárín gbùngbùn ẹ̀yìn ọmọ kọjá. Mo ń wò ó, mi ò ṣẹ́jú. Nígbà tí ìyá mi nàró, aṣọ náà fà, òwú náà le tantan, ó sì gbé e. Ènìyàn ni ó gbé! Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe gbé ènìyàn dúró. Antí Rẹ̀mí fi ìka tọ apá òkè tí ó wọ́, èyí tí mo fi iyán rán.

"Ibí yìí, ọwọ́ òpìpì ni," ó wí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì sùn lọ.

Àbúrò mi yẹn ti ga jù mí lọ báyìí. Ó wà ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ń bínú bí mo bá mú aṣọ náà jáde níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi náà jáde ní yunifásítì ní ọdún tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé kan. Ayé ti yí. Àwọn abiyamọ ti ń ra aṣọ ọmọ sílẹ̀ láti ìgbà tí oyún bá ti yọ, Ọlọ́run sì ń dá àwọn ọmọ náà sí. Ọsibítù wà nítòsí. Máṣíìnì wà ní ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa nìkan, Antí Rẹ̀mí ni ó ni ọ̀kan. Fìlà ìka pàápàá, wọ́n ń tà á nínú páálí, kékeré, àárín àti ńlá, o ó sì dán an wò kí o tó sanwó. Mo ní ọ̀kan tí ó bá ìka mi mu bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo lè na ọwọ́, kí n jókòó lásán láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní bọ́.

Ti Yèyé, tí ó wá di tèmi, tóbi jù fún mi títí di òní. Òun ni mo sì ń lò. Ní àwọn ọjọ́ tí àyà mi ń já, tí mo bá jókòó pẹ̀lú aṣọ lórí itan, tí mo ń ro bí àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò ṣe ṣe nínú ìdánwò, tí mo ń ro bóyá iṣẹ́ yìí tilẹ̀ bá mi mu, n kì í mọ̀ pé ọwọ́ mi ti dúró. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni "kà!" nílẹ̀. N óò bẹ̀rẹ̀, n óò mú un, n óò mí sínú rẹ̀, hàà, n óò sì tún wo aṣọ.